Tiyín Náà Ni, Sà

Ohun tó wu Mùnírátù láyé yìí kò ju kí òun nìkan wà nínú bàálù, kí àga ẹ̀gbẹ́ òun ṣófo, kí òun sì gbé e balẹ̀ láyọ̀. Oko ńlá kan lójú ọ̀nà Ìdèrè ló ní bàálù kékeré ẹlẹ́ni méjì, tí wọ́n fi ń wo àrùn ara gbágùúdá láti òkè. Olóko ní ọmọ ìbílẹ̀ lòun fẹ́ kó máa wà á.

Ọ̀gá Malachi, ará Èrúwà, ló ń kọ́ ọ. Olùkọ́ gidi ni, kì í jágbe mọ́ni. Bí Mùnírátù bá balẹ̀ gbàgà bí àpò iṣu tó já lórí ọ̀kadà, á ní, "Ó dáa, ìdí mi ti gbọ́ pé a ti délé." Lẹ́yìn náà ni á wá ṣàlàyé ibi tó ti ṣìṣe.

Ohun kan ni kì í bá a fi ṣeré. Ọ̀pá ìdarí méjì ló wà nínú bàálù náà, ọ̀kan níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi í sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní, "Tìẹ ni." Ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ ní, "Tèmi ni." Ìgbà yẹn lẹni àkọ́kọ́ tó lè mọ́wọ́ kúrò.

"Tèmi ni" yìí le fún Mùnírátù ju bíbalẹ̀ lọ. Nílé Búrẹ́mọ̀, baba rẹ̀, ní Igangan, bí àgbà bá na nǹkan sọ́mọ, ọmọ á kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa mú un lọ́wọ́ ná. Ìgbà tí wọ́n bá rọ̀ ọ́ ni yóò tó kúnlẹ̀ gbà á. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, "Tiyín náà ni, sà" ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gá Malachi ní, "Kò ságbà lókè yìí, Mùnírátù. Atẹ́gùn ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹyọ̀."

Ó mú kó máa wí i lórí ilẹ̀, láìtan ẹ́ńjìnnì, títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Àṣé Ọ̀gá Malachi nìkan ló mọ́ ọn lára láti wí i fún.

Ẹni tí wọ́n mú wá láti wò ó bóyá ó lè dá fò ni Bàbá Bámiṣẹ́, ògbólógbòó awakọ̀ bàálù, ọmọ Ìdèrè, tórí rẹ̀ funfun báláú. Mùnírátù kúnlẹ̀. Bàbá bèèrè ọmọ ẹni tó jẹ́, ó sì ní àwọn mọ ilé wọn dáadáa.

Lókè, kò ṣìṣe kankan. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, bàbá gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀ kí Mùnírátù lè wo òrùlé ilé baba rẹ̀. Bàbá darí bàálù sójú pápá, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, orí igi ti ń sún mọ́ wọn.

"Ó tó," ni bàbá wí. "Tìẹ ni, ọmọ mi."

"Ọmọ mi" yẹn, ohùn ilé ni.

"Tiyín náà ni, sà."

Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí bàbá gbọ́ ju "ni" lọ. Ó káwọ́ lé itan. Mùnírátù náà káwọ́ lé itan, ó ń retí kí wọ́n rọ òun.

Atẹ́gùn gbé apá kan bàálù náà sókè. Kí bàbá tó já ọ̀pá gbà, wọ́n ti balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ táyà iwájú kán, abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀ ń wa ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Bàbá Bámiṣẹ́ sọ fún olóko pé wọn ò kọ́ ọmọ náà dáadáa. Mùnírátù fẹ́ sọ pé wọ́n kọ́ òun, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá Malachi alára kò jiyàn. Ó ní òun lòun kọ́ ọ, ó sì dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ.

Mùnírátù bá a níbi tó ti ń di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wọn pé ẹ kọ́ mi, sà?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Ẹni tó kọ́ ẹ nílé ti ṣáájú mi débẹ̀. N ò lè bá a jà."

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Bámiṣẹ́ wá bá Búrẹ́mọ̀ kẹ́dùn ní Igangan. Ó ní kí ọmọ náà gbàgbé bàálù, kì í ṣe fún un. Ṣùgbọ́n ó ní irú ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ tó báyìí ò wọ́pọ̀ mọ́. Inú Búrẹ́mọ̀ dùn, ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Bàbá Bámiṣẹ́ wá ṣàdúrà pé ọmọ náà yóò rí ọkọ rere fẹ́.

Gbogbo wọn ṣàmín. Wọ́n wá ń wo Mùnírátù títí òun náà fi ṣe é.