Orúkọ Tí Lantern Gbé Jáde Láìsí Àpọ́nlé

Ẹni tó bá rí Akínbíyìí lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn á rò pé ibà ló dé sí i. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Lantern, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ń fi èdè òyìnbó kọ ní Rumuola, ní Port Harcourt. Fáànù ń yí lókè orí rẹ̀, síbẹ̀ òógùn ń kán sórí bébà tó wà níwájú rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ìròyìn máa ń dẹ́rù bà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tún ohun tí àwọn akọ̀ròyìn bá kọ ṣe kó tó di títẹ̀. Ó ti fi báírò rẹ̀ kọjá lórí ọkọ̀ tó dojú dé lódò, lórí páìpù epo tó gbiná, lórí àwọn olóyè tó wọ̀yá ìjà ní gbangba, kò sì sí èyí tó ní kó má jẹun ọ̀sán rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí Bọ́sẹ̀dé, akọ̀ròyìn wọn, kọ wá yìí, ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti òkè.

Ìròyìn ayọ̀ ni, bí èèyàn bá wò ó lóréfèé. Sítóòfù bú gbàmù nínú ilé kan ní Eliozu lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá ilé wà létí títì níbi tó ti ń ta ọsàn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ méjì. Ṣọlá, télọ̀ kan tó ń gbé ní Elekahia, tó kàn wá jíṣẹ́ aṣọ ní ilé kejì, ló fi èjìká já ilẹ̀kùn náà, tó kó àwọn ọmọ jáde. Iná bó o lápá, ó bó o lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gé aṣọ kúrò lára rẹ̀ ní ọsibítù ni nọ́ọ̀sì kan rí i pé ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Ṣọlá, ara ọkùnrin ló gbé wá sáyé.

Nọ́ọ̀sì náà kò lè gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó sọ fún Bọ́sẹ̀dé nígbà tó lọ fọ̀rọ̀ wá Ṣọlá lẹ́nu wò, Bọ́sẹ̀dé sì wá sọ fún Akínbíyìí. Nọ́ọ̀sì náà tún sọ fún ẹ̀gbọ́n tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí sì ni Gideon, olóòtú àgbà Lantern, ọ̀gá gbogbo wọn.

Akínbíyìí mọ Ṣọlá. Ìyàwó rẹ̀ kì í rán aṣọ ìsìn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ ìbí Títílayọ̀, ọmọ rẹ̀, Ṣọlá ló wá bá wọn dín mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ́kù, tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1984 yìí kan náà, ó ti rí ohun tí àwọn èèyàn fi táyà àti kẹrosíìnì ṣe fún ọkùnrin kan tí wọ́n ní olè ni. Olè lásán nìyẹn. Kò fẹ́ ronú kan ohun tí wọn á ṣe fún ẹni tí wọ́n bá ní ó ti ń tan àwọn jẹ láti ọdún mẹ́fà.

Bọ́sẹ̀dé ti kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé Omidan Ṣọlá.

“Mo bi í léèrè, ẹ̀gbọ́n,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Ó ní obìnrin lòun. Ó ní bí mi ò bá ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n má kọ ọ́ rárá. Mo ṣèlérí fún un.”

“Ìwọ náà, tí o kì í tètè ṣèlérí fún ẹni tó o jẹ ní gbèsè búrẹ́dì.”

Bọ́sẹ̀dé kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kámẹ́rà kọ́ èjìká, ó lọ ya àwòrán ilé tó jóná ní Eliozu. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí Gideon fi wọlé.

“Akin, kí ni mo gbọ́ pé Bọ́sẹ̀dé kọ? Omidan?”

“Ohun tí ẹni náà ń pe ara rẹ̀ ni, ọ̀gá. Ohun tí gbogbo Elekahia ń pè é náà nìyẹn.”

“Bí mo bá ń pe ara mi ní gómìnà ńkọ́? Ṣé wàá kọ ọ́?”

“Bí ẹ bá ti ń gbé ilé ìjọba láti ọdún mẹ́fà, tí gbogbo ìlú sì ń kí yín bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n kọ ọ́.”

Gideon fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Tẹ́tí sí mi. Àwọn sọ́jà ti pàṣẹ pé akọ̀ròyìn tó bá gbé irọ́ jáde, ẹ̀wọ̀n ni. Àbúrò mi mọ̀, ìwọ mọ̀, èmi mọ̀. Bó bá di ọ̀la tí ẹnì kan ní Lantern mọ̀-ọ́n-mọ̀ pe ọkùnrin ní obìnrin, ta ni wọn á wá mú? Kọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni. Kí o sì fi sí àkọlé, torí ohun tí aráyé fẹ́ kà gan-an nìyẹn.”

“Wọ́n á pa á, ọ̀gá.”

“Èmi kọ́ ni màá pa á.”

“Bí wọ́n bá pa á, ìwé ìròyìn wa ló máa wà lọ́wọ́ wọn.”

Wọ́n fà á títí. Gideon ní òtítọ́ ni òtítọ́. Akínbíyìí ní òtítọ́ wo ló wà nínú kí wọ́n fi ìhòòhò ẹni tó gba ọmọ là ta ọjà. Ó ní Ṣọlá kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni, kò sì gbéyàwó ẹnikẹ́ni. Gideon ní kó má wàásù fóun, pásítọ̀ méjì ló wà nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́ yìí. Ní ìsàlẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń to ọ̀rọ̀ sójú ìwé ń kígbe pé ojú ìwé kẹta nìkan ló kù.

Èrò kan wá sọ sí Akínbíyìí lọ́kàn, ara sì tù ú.

“Ọ̀gá, ká má kọ ọ̀kankan. Kò ní sí Ọ̀gbẹ́ni, kò ní sí Omidan. Ká kọ orúkọ rẹ̀ lásán: Ṣọlá, télọ̀, ará Elekahia. A ò parọ́, a ò sì tú àṣírí.”

Gideon ronú díẹ̀. “Orúkọ lásán,” ló wí. Ó tọwọ́ bọ ìròyìn náà, ó sì lọ sílé. Akínbíyìí fúnra rẹ̀ ló fa igi lé Omidan níbi gbogbo tó ti jáde, tó sì yí àwọn gbólóhùn òyìnbó náà po, títí tí kò fi sí ibi kan tí èèyàn ti lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì sùn.

Bọ́sẹ̀dé ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ìwé ìròyìn tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí i.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ni orúkọ rẹ̀ máa ń jáde ní Lantern láìsí nǹkan kan níwájú?”

Òfin ilé iṣẹ́ wọn ni pé gbogbo orúkọ gbọ́dọ̀ ní àpọ́nlé níwájú, ìbáà jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni, Ìyáàfin, Omidan, Olóyè tàbí Alhaji. Irú èèyàn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: ẹni tí adájọ́ bá ti dá lẹ́bi. Títí di ọjọ́ ìdájọ́, Ọ̀gbẹ́ni ni ọlọ́ṣà. Bí adájọ́ bá ti sọ̀rọ̀ tán, orúkọ rẹ̀ á jáde lásán. Àwọn tó ń ka Lantern mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ ojú ọ̀nà ilé wọn. Ọwọ́ Akínbíyìí náà ló sì máa ń fa igi lé àpọ́nlé yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ojú ìwé àwọn ẹjọ́.

“Wọ́n ti dá Ṣọlá sílẹ̀ ní ọsibítù,” ni Bọ́sẹ̀dé wí. “Ó wà nílé.”

Nínú takisí tó gbé wọn lọ sí Elekahia, Akínbíyìí ń wo gbogbo orí títì bóyá òun á rí èéfín. Kò rí i. Èyí tó rí nígbà tí wọ́n dé ni èrò tó pé sẹ́nu géètì ilé tí Ṣọlá ń gbé, bí ogún èèyàn, àti táyà kan tí ẹnì kan ti yí wá, tó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ògiri bí ẹni pé ó kàn wà níbẹ̀. Wọn kò pariwo. Ìyẹn ló dẹ́rù bà á jù.

Yísà, atún-rédíò-ṣe tó jẹ́ pé òun ló máa ń ka Lantern sókè fún ojúlé náà, rí i.

“Akọ̀wé wa, ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ ọwọ́ yín la ń kà.” Ó na ìwé náà sókè. “Ìyá ọlọ́mọ rèé, Ìyáàfin. Panápaná rèé, Ọ̀gbẹ́ni. Dókítà, Dókítà ni. Àǹtí Ṣọlá nìkan ló wá ń dá rìn bí ẹni tó ń ti ẹ̀wọ̀n bọ̀.”

Ọ̀gbẹ́ni Amadi, ará Ikwerre tó ni ilé náà, bọ́ síwájú. “Oga, wetin e thief for that house? Na thief carry am enter fire?”

Ẹlòmíràn ní bóyá Ṣọlá ló dáná sun ilé náà kó lè rí nǹkan kó. Obìnrin kan ní òun ti ń fura sí i tipẹ́, pé nǹkan kan wà lára ẹni yẹn tí òun ò mọ̀. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, Akínbíyìí bọ́ sáàárín wọn. Bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ kan sí i lọ́nà yẹn, kò sẹ́ni tó máa dá wọn dúró mọ́.

“Àṣìṣe ni,” ló wí. “Kò jí nǹkan. Kò dé kóòtù rí. Èmi ni mo yọ àpọ́nlé rẹ̀ kúrò. Omidan Ṣọlá ni.”

Yísà ń wò ó. “Kí lẹ ṣe yọ ọ́?”

“Ààyè ló há lójú ìwé,” ni Akínbíyìí wí.

Yísà wo ìwé náà. Ààyè funfun tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ wà lábẹ́ ìròyìn náà. Ó wo Akínbíyìí, ó tún wo ìwé náà, ó sì ká a.

Ọ̀gbẹ́ni Amadi ló sọ̀rọ̀. “Oya. Next Thursday, make una write am. Make I see that Miss with my own eye. If I no see am...” Kò parí rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ kan táyà náà, ó sì yà fún wọn láti kọjá.

Ṣọlá jókòó lórí ibùsùn nínú yàrá tó kún fún aṣọ ìsìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di funfun fún báńdéèjì títí dé èjìká. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

“Bàbá Títí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá.”

“Mo fẹ́ dáàbò bò ọ́ ni.”

“Mo mọ̀. Mo ti sọ ohun tí mo jẹ́ fún Bọ́sẹ̀dé, kò ṣòro láti kọ.” Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan ṣoṣo. Ohun tẹ́ ẹ ṣèlérí níta yẹn, ṣé ó máa jáde ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀?”

Akínbíyìí rántí Gideon àti ẹ̀wọ̀n tó ń bẹ̀rù. Ó rántí pásítọ̀ méjèèjì. Ó fẹ́ sọ pé òun á gbìyànjú.

“Kò ní jáde,” ló wí. “Di ẹrù rẹ.”

Ṣọlá mi orí. Bọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ, ó sì dá ọwọ́ dúró, torí Ṣọlá ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Singer dúdú kan tó ń dán.

“A ò lè gbé e,” ni Akínbíyìí wí jẹ́jẹ́. “A máa sọ fún wọn pé ọsibítù là ń lọ. Ẹni tó ń lọ wẹ ọgbẹ́ kì í gbé máṣíìnì dání.”

“Nígbà náà, ẹ má ká aṣọ kankan,” ni Ṣọlá wí. “Ẹ bá mi gbé báàgì yẹn kọ́ ọrùn.”

Wọ́n jáde, Bọ́sẹ̀dé níwájú, Ṣọlá láàárín. Ọ̀gbẹ́ni Amadi béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Akínbíyìí ní wọ́n fẹ́ pààrọ̀ báńdéèjì rẹ̀. Yísà kò gbé ojú kúrò lórí báàgì kékeré náà, Akínbíyìí sì ń retí ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ní gbogbo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀, títí ilẹ̀kùn takisí fi pa dé. Wọ́n ti yà sí Aba Road kí Ṣọlá tó rọra sọ fún awakọ̀ pé kó gbé òun lọ sí gáréèjì àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin.