Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Màmá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi Gildas ló mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà: hupselofroneo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn máa gbéraga. Màmá wa, tí kò mọ̀wé rárá, gbà á lẹ́nu rẹ̀ kíá.

Ọdún tí mo di tísà, mo wá sí Tatonnonkon, ìlú wa, mo ní n kò ní bá Màmá àtàwọn obìnrin yòókù fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, kí epo má ba èékánná mi jẹ́. Màmá ké láti inú kòtò epo: “Prisca hupselofroneo!” Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Mo fìbínú gun alùpùpù lọ.

Màmá ti kú báyìí. Lánàá, mo bọ́ bàtà, mo sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò náà. Àwọn obìnrin sáré wá: “Màdámù, ẹ jáde o, iṣẹ́ yìí ò yẹ yín!”

Mo dúró síbẹ̀, mo ń retí ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ Màmá bú mi.