Oṣù Méjìléláàádọ́ta

"Mọ́mì, ìyá yìí ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún," ni ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Oníṣirò wí. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ àgbà obìnrin tó jókòó ní òdìkejì tábìlì. "Jẹjẹrẹ ọmú tó ti ràn ká ara ló gbé e wá síbí lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìwé yín ní ó ṣì wà láàyè."

"Bí ìwé mi bá ní ó wà láàyè, ó wà láàyè nìyẹn," ni Ìyá Fáìlì dáhùn. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ẹnikẹ́ni kì í bi Ìyá Fáìlì léèrè nípa ìwé rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi jókòó sí yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ní jẹjẹrẹ sí: ọjọ́ tí wọ́n rí àrùn náà, ìtọ́jú tó gbà, ọjọ́ tó wá kẹ́yìn. Ewé kan ò sọnù rí. Lọ́dún tí páìpù omi bẹ́, orí ara rẹ̀ ló fi ru fáìlì gun àtẹ̀gùn kó tó rántí pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n wá mú Oníṣirò dé, ọmọ tí àwọn fáìlì kan jù lọ́jọ́ orí, Ìyá Fáìlì fún un ní àga, ó fún un ní fáànù, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kò kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Iṣẹ́ Oníṣirò ni láti mọ iye obìnrin, nínú ọgọ́rùn-ún tó ní jẹjẹrẹ ọmú, tó ń lo ọdún márùn-ún láyé lẹ́yìn tí wọ́n rí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Dókítà Àgbà máa kà á fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé Ìyá Fáìlì ní méjìdínláàádọ́rin. Ó dùn-ún gbọ́. Oníṣirò ní ó ti dùn jù.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹnìkan ti kú?"

"Ìwé ikú. Tó bá dé, mo fi bíró pupa fa ìlà. Tí kò bá dé, èmi kọ́ ni màá pa ọmọ ọlọ́mọ."

"Ẹni tó bá kú sílé ńkọ́?"

Ìyá Fáìlì ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn.

"Tí ẹnikẹ́ni ò bá mú ìwé rẹ̀ wá," Oníṣirò rọra ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "à ń ka ọjọ́ fún un lọ ni. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló wà bẹ́ẹ̀ mà. A ò gbúròó wọn, ṣùgbọ́n à ń kà wọ́n mọ́ alààyè."

Ohun tí Oníṣirò kò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n Ìyá Fáìlì, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nínú wọn. Ilé Ìyá Fáìlì ló kú sí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló sì pa á lójú dé. Nígbà tí Ìyá Fáìlì padà síbi iṣẹ́, ó ṣí ìwé, ó wo ìlà náà, ó sì pa ìwé dé. Kò sí ìwé ikú, òfin sì ni òfin. Ó dùn mọ́ ọn pé ibì kan ṣì wà tí ẹ̀gbọ́n òun kò tíì kú.

"Ṣé ò ń sọ pé ìwé mi ń parọ́ ni?"

"Rárá mà. Àánú ló ń ṣe."

Ìyá Fáìlì dìde, ó jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé, omi ṣì wà lójú rẹ̀ níbi tó ti bọ́jú. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì. "Pín wọn. Mú ogójì, màá mú ìyókù. Fóònù la máa pè."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi pè. Ọmọ obìnrin tó pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún nínú ìwé ní ìyá òun ti lọ tipẹ́. Ọkùnrin kan ní ìyàwó òun kú lọ́dún méje sẹ́yìn, ó dúpẹ́ pé ẹnìkan bèèrè. Obìnrin kan gbé fóònù pẹ̀lú ariwo àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀: "Mo wà láàyè o, mo ń kọ́ ọmọ ní ìwé lọ́wọ́. Ẹ pè mí padà tá a bá jáde." Ìyá Fáìlì rẹ́rìn-ín débi pé ó gbá tábìlì.

Mẹ́rìndínláàádọ́ta ti kú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wà láàyè. Wọn ò rí mọ́kànlá.

"Àwọn mọ́kànlá yìí ńkọ́? Ṣé ká pa wọ́n ni?"

"Rárá mà. A ò ní sọ pé wọ́n kú, a ò sì ní sọ pé wọ́n wà. A máa kà wọ́n dé ọjọ́ tá a rí wọn kẹ́yìn, a ó sì dúró níbẹ̀. Oṣù tí wọ́n gbé ò ní ṣòfò."

"Àwọn tó kú?"

"Tiwọn náà ò ní ṣòfò. Oṣù kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ìṣirò." Oníṣirò wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ó ku ẹnìkan. Kò ní nọ́ńbà fóònù. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni..." Ó kà á. Àdírẹ́sì Ìyá Fáìlì ni.

Ìyá Fáìlì ti mú bíró pupa. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Dókítà ní ọdún kan ló kù fún un. Ó ní dókítà yẹn ò mọ òun. Lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú kan, ó ṣì rán aṣọ ilé-ìwé fún ọgọ́ta ọmọ, kò sì sí èyí tó tú nínú ojú rírán rẹ̀. Oṣù méjìléláàádọ́ta ló lò." Ó kọ ọjọ́ ikú náà. Ó fa ìlà. Ìlà náà tọ́.

Nígbà tí Dókítà Àgbà wọlé, ó wo nọ́ńbà tuntun náà, ó mí kanlẹ̀. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Màmá, mo ti fi méjìdínláàádọ́rin ránṣẹ́ sí àwọn dókítà ẹgbẹ́ mi."

"Ẹ lọ sọ èyí, sà. Tí wọ́n bá bi yín pé ta ló kà á, ẹ ní èmi ni. Mo mọ àwọn tó wà nínú rẹ̀."

Dókítà mú bíró, ó fagi lé nọ́ńbà àtijọ́ lórí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọ tuntun.

Bó ṣe jáde, Ìyá Fáìlì fa àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Oníṣirò. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kan tó ń fi iye àwọn tó ṣì wà láàyè lóṣù kọ̀ọ̀kan hàn ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àtẹ̀gùn.

"Fi oṣù méjìléláàádọ́ta hàn mí."

"Ibí yìí mà. Ìgbà tí ẹnìkan bá kú ni ìlà ń sọ̀ kalẹ̀. Títí dé ibí, ẹ̀gbọ́n yín wà lára àwọn tó gbé e dúró."

Ìyá Fáìlì fi ìka kan ibẹ̀, kò sì tètè gbé e kúrò.

"Tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi," ó wí. "Kó tóbi. Ògiri ni mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́."