Ẹ Yí Bẹ́ẹ̀dì Yìí Padà

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí nílé ìwòsàn ni kó máa ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn láti wọ́ọ̀dù lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Bí ìyá ọmọ kan bá ń sunkún tẹ̀ lé e, á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá, ọwọ́ tó dáa lọmọ yín wà." Ó máa ń rọ̀ ọ́ lẹ́nu láti sọ.

Àfi ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ tirẹ̀ dé. Ọmọ ọdún méje ni, Màmá Kékeré ni bàbá rẹ̀ ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó ń yọ̀ wálẹ̀ lórí irin àtẹ̀gùn ilé wọn ló bá já bọ́. Itan rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí. Nígbà tí dókítà egungun gbé fọ́tò tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà nínú itan náà síwájú iná, bàbá rí i kedere: egungun itan ti ṣẹ́ sí méjì, ọ̀kan gun orí èkejì.

Dókítà ní, "A ó là á díẹ̀ lókè orúnkún, a ó sì ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì gba inú egungun náà, kó lè dúró."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní kúrú, àbí, sà?"

"Ó lè gùn díẹ̀ ju ìkejì lọ pàápàá. A ó máa ṣọ́ ọ."

Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ẹlòmíì tì í lọ. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Ọmọ mi ni. Èmi ni màá tì í."

Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dẹ́nu ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ti fa ẹ̀wù bàbá rẹ̀ mú.

"Dádì, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń ti bẹ́ẹ̀dì níbí?"

"Èmi ni, Màmá mi."

"Ẹ yí bẹ́ẹ̀dì yìí padà, ká máa lọ sílé."

Ó fẹ́ ní kó fọkàn balẹ̀, ó kàn fọwọ́ pa á lórí ni. Nọ́ọ̀sì ti nawọ́ láti gba bẹ́ẹ̀dì. Bàbá fúnra rẹ̀ ló tú ìka ọmọ náà kúrò lára ẹ̀wù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn pa dé, igbe ọmọ sì ń jìnnà lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti wà lórí bẹ́ǹṣì níta. "Kí ni wọ́n ń ṣe fún un báyìí?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ níbí?"

"Ẹnu ilẹ̀kùn niṣẹ́ mi mọ."

Ó jókòó, ó dìde. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ọmọ ẹlòmíì ni.

Nígbẹ̀yìn, dókítà jáde, òógùn bò ó. "Ó ti parí. Egungun ti tò dáadáa. Kó má fẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ títí a ó fi sọ. Tó bá jinná tán, a ó tún gbé e wọlé, ká yọ irin náà."

"Ibí yìí náà, sà?"

"Ibí yìí náà ni."

Nígbà tí ọmọ náà lajú, bàbá rẹ̀ ti di irin bẹ́ẹ̀dì mú láti tì í padà sí wọ́ọ̀dù. Ó wo ọwọ́ náà, ó kọjú sí ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ ní kí ẹlòmíì tì mí."

Ìyá wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà yọwọ́. Ẹnì kejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ gba bẹ́ẹ̀dì náà, òun ń rìn bọ̀ lẹ́yìn. Níbi tí ilẹ̀ ti sán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, táyà bẹ́ẹ̀dì há sí i, ọmọ náà ké yéè.

"Ẹ rọra," bàbá rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa, kò sẹ́ni tó gbọ́.