Ẹ̀rí Ẹsẹ̀ Òsì

Ọrùn ẹsẹ̀ òsì Abigail ti ń dùn ún tipẹ́ débi pé kò ka ìrora náà sí àlejò mọ́. Ó ti di bí orogún tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wálé: kì í bá a jà, kì í bá a ṣeré, ṣùgbọ́n bó bá ti jí láàárọ̀, òun ló kọ́kọ́ ń bá pàdé.

Makun-Omi ló ti fara pa, níbi tó ti ń ra ẹja gbígbẹ wá tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kan, agbọ̀n ẹja wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti tẹ ilẹ̀, òsì há sáàárín ọkọ̀ àti òpó tí wọ́n so ó mọ́. Ó gbọ́ tí nǹkan dún kà. Bàbá kan tó ń to eegun ní Ìwòpin fi igi pẹlẹbẹ dì í, ó fi òróró pa á. Eegun so lóòótọ́, àmọ́ kò so síbi tó yẹ.

Japheth ọkọ rẹ̀ jẹ́ káfíńtà, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní ọdún kẹta tí ìjọba dá ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀, nígbà ìsọjí Àjíǹde, Wòlíì Zechariah kó àwọn aláìsàn ìjọ lọ sódò ní ìdájí. Ó ní kí wọ́n dúró nínú omi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Omi inú igbó ni, òòrùn kì í rí ojú rẹ̀. Nígbà tí Abigail jáde, kò mọ̀ pé òun ní ẹsẹ̀ òsì rárá. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò dùn ún. Ó tún un tẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti kígbe “Halelúyà!” ó ti jẹ́rìí pé Olúwa wo òun sàn, àwọn obìnrin sì ti gbé e sókè.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹsẹ̀ ti móoru, ìrora ti padà sí ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ti jáde lẹ́nu.

Àṣà ìjọ yẹn sì ni pé ẹ̀yà ara tí Ọlọ́run bá wò sàn, òun náà ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ là ló ń ka Bíbélì. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ṣí ló ń lé orin. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn, òun ló ń ṣíwájú ijó ìdúpẹ́ lóṣooṣù, láìwọ bàtà, bí ìkórè bá sì dé, yóò ṣíwájú ìjọ yí ìlú ká. Wọ́n ń pe Abigail ní Ẹlẹ́rìí. Ó ń jó, ó ń tiro, àwọn ọmọge ìjọ sì rò pé ijó tuntun ni. Wọ́n kọ́ ọ. Bí ìlù bá ti dún, gbogbo wọn á máa tiro tẹ̀ lé e.

Adépéjú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ tíṣà onísọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Àgọ́-Ìwòyè, nìkan ni ijó náà kò tàn jẹ. Ó mú un lọ sí ọsibítù ńlá kan, wọ́n sọ nílé pé àwọn ń lọ kí ẹbí. Dókítà wo ẹsẹ̀, nọ́ọ̀sì sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀: oríkèé náà ti bàjẹ́. Wọn yóò la ẹsẹ̀ náà, wọn yóò ha orí eegun, wọn yóò so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Kò ní tẹ̀ mọ́, kò sì ní dùn mọ́. Bẹ́ẹ̀dì yóò ṣófo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ìkórè.

“Bó bá sì pẹ́ sí i,” nọ́ọ̀sì ní, “ó lè máà sí eegun tí a ó so mọ́ eegun.”

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀la, Adépéjú wá bá a níbi tó ti ń to ẹja sínú agbọ̀n.

“Ṣé o ti sọ fún Japheth?”

“Rárá, Àǹtí mi.”

“O fẹ́ kó rí i lójú àlá ni? Àbí ẹ kì í lálàá ní ìjọ yín mọ́?”

Abigail rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bí mo bá lọ, ẹ̀rí mi di irọ́. Wọ́n á ní ìyàwó alàgbà purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Níbo ni Japheth yóò fojú sí?”

“Bí o kò bá lọ ńkọ́?”

“Màá máa jó.”

“Máa jó, ìwọ Ẹlẹ́rìí! Tó bá yá, ìdí ni wàá máa fi wọ́.”

“Nọ́ọ̀sì ní kò ní tẹ̀ mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi?”

“Ìyá tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì? Sọ fún un pé o ti kúnlẹ̀. Ní tèmi, máa kí mi lóòró, mo ti gbà.”

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, Abigail wá ẹ̀rù nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó wá ìrètí, kò rí ìyẹn náà. Inú rẹ̀ dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. Ó to ẹja tó kù.

Lọ́jọ́ ìkórè, ìjọ tú jáde nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Japheth ń lu agogo. Abigail ṣíwájú. Wọ́n kọjá Òkè-Àgbò, wọ́n yà sí ọ̀nà Òjòwò. Yangí gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn ọmọge ń tiro lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ilé Bashiru tó ń ránṣọ. Abigail rí bẹ́ǹṣì náà. Kò pinnu ohunkóhun. Ó kàn yà, ó sì jókòó.

Orin já. Ìyá Ọmọ́títí, ìyá ìjọ, sáré wá.

“Ẹlẹ́rìí! Dìde o, ayé ń wò wá!”

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí, Màmá.”

“Èṣù ni. Bá a wí!”

“Láti ọjọ́ tí a kúrò lódò ló ti ń dùn mí. Omi tutù ló kùn ún lóorun. Kò sàn rí.”

Gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Ẹnìkan ní “Hẹ̀n?” Ọmọge kan tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Wòlíì Zechariah wo Abigail, ó wo Japheth, lẹ́yìn náà ló wo ọ̀nà.

“Ẹ lé orin,” ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Ẹ máa lọ.”

Wọ́n kọjá lára rẹ̀. Àwọn kan ṣíjú kúrò, àwọn kan wò ó dáadáa. Abigail ń retí kí ìtìjú dé. Kò dé. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé òun ní.

Japheth kò bá wọn lọ. Ó gbé agogo lé Ìyá Ọmọ́títí lọ́wọ́, ó sì dúró ti ìyàwó rẹ̀ títí orin fi jìnnà.

“Gbogbo ijó oṣooṣù yẹn,” ló ní, “o ń jó o lórí ẹsẹ̀ yìí?”

“Mò ń jó o.”

“O kò sì sọ fún mi.”

“Ìwọ lò ń lu agogo.”

Japheth jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Abigail sọ ti dókítà fún un, àti ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àti pé ẹsẹ̀ náà yóò le gbagidi. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka iye ẹja.

“Mò ń lọ,” ló fi parí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni.

Japheth ń wo ilẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gbé ẹsẹ̀ eléruku náà lé orí aṣọ funfun rẹ̀, lójú títì, lójú Bashiru. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí pákó ti sán.

“Níbo gan-an ló ti ń dùn ọ́?” ló bi í.

Abigail fi ìka hàn án.