Báàṣì Tó Le Jù

Kànga kejì ní Issaba náà gbẹ. Iyanrìn gbígbẹ ló ń tú jáde lẹ́nu ihò, ó sì bo bàtà Aurore. Zacharie, ọ̀gá àwọn agbẹ́kànga, pa ẹ̀rọ.

"Madámù, ó ku ẹyọ kan. Bí ìyẹn náà bá gbẹ, Ahoyéyé là ń lọ lọ́la."

Aurore gbọn iyanrìn kúrò lára bàtà rẹ̀. Ó ti di ọjọ́ mọ́kànlá tó ti Sakété dé láti wá omi, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Òun ló fi iná mànàmáná wádìí ilẹ̀, òun ló sì tẹ́ aṣọ kan sórí àbájáde rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, àwòrán aṣọ lásán tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, tó ń fi bí abẹ́ ilẹ̀ ṣe rí hàn. Láti òkè ni wọ́n ti ń jù ú, yóò máa rọ̀ títí yóò fi balẹ̀ sórí amọ̀ líle. Ibi tó bá ti jìn, ibẹ̀ lomi ń sá sí. Aṣọ tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Nígbà tó délé, òjò ṣú. Ìyániwúrà, opó tó gbà á sílé, ń fi báàṣì, ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi ń bo ẹrù, bo àgbàdo tó sá sí àgbàlá. Aurore di etí báàṣì náà kan mú, ó fà á gan-an.

"Dẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Bó bá le báyìí, kò ní kan èyí tó wà ní kòtò."

Ọwọ́ Aurore dúró. Lọ́jọ́ kẹta, aṣọ inú kọ̀ǹpútà ń hunjọ, ó sú u, ló bá fà á le kí àwòrán lè gún. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ẹ̀sọ̀?

Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì dẹ aṣọ inú rẹ̀. Aṣọ náà rọra rọ̀, ó kọjá ibi tí àgbàlá wà nínú àwòrán, ó sì já sínú kòtò tóóró kan tí kò rí rí. Aurore tẹ̀ lé àwòrán náà, ó ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n sin Ògúnṣínà, ọkọ ìyá náà, sí.

"Ṣé o ti rí i?"

"Abẹ́ ibí ni, Màmá. Ó jìn gan-an, kò sì fẹ̀. Àfi ká wó ògiri kí ẹ̀rọ lè wọlé."

Ìyániwúrà wo ilẹ̀kùn náà pẹ́.

"Ọkọ mi kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìmu omi."

Ó wọlé, ó ń kó ẹní jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Aurore gbé fóònù láti pe Zacharie, ojú sì tì í. Ó ti ń retí kí ìyá náà kọ̀, kí òun lè lọ sùn.