Ìlà Kìíní Lójú Adágún

Ẹ ti fura, òótọ́ sì ni: ilé onítáyà, irú èyí tí ọkọ̀ ń fà, tó dára tó bẹ́ẹ̀, tó kọjú sí adágún gbọnrangandan, tí wọ́n sì ń tà ní ìdajì iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀, nǹkan kan ń bẹ nídìí rẹ̀. Gaétane Bellavance náà fura. Clermont ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò fura, torí pé láti kékeré ló ti gbà pé ohun tó dára mọ irú òun lójú.

“Ìyá, wo pákó yìí,” ni Clermont wí fún aya rẹ̀ lórí fàráńdà ilé náà, ó ń fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. “Igi kédárì gidi. Ti Réal, ike ni.”

“Mo ti gbọ́. Kí ló dé tí wọ́n ń tà á?”

“Kí ló kàn wá nínú ìyẹn?”

Réal ni àbúrò Gaétane. Ó ti ra ilé onítáyà tirẹ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́ mìíràn lọ́dún tó kọjá, kò sì sí oúnjẹ ọjọ́ Àìkú kan tí kì í ti í yọ fọ́tò rẹ̀ jáde. Ìlà kẹta ni ti Réal wà. Ó ní láti na ọrùn kó tó rí omi.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Clermont fi ṣe ọ̀gá àwọn tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì ní ìlú Shawinigan. Nígbà náà, bí yìnyín bá ti ń já bọ́, olórí ìlú fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́ láago. Ó fẹ̀yìn tì. Yìnyín ṣì ń já bọ́. Aago kò dún mọ́.

Bí nǹkan ṣe rí ní ọgbà Bouleau-Penché nìyí: bí ilé onítáyà bá ti wọlé, kò tún jáde mọ́. Wọ́n á yọ irin tí ọkọ̀ fi ń fà á, wọ́n á kan fàráńdà mọ́ ọn, wọ́n á gbin òdòdó yí i ká, onílé á sì máa gbé inú rẹ̀ láti oṣù Karùn-ún títí tí omi yóò fi fẹ́ dì nínú páìpù ní oṣù Kẹwàá. Ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá igbó àti àgbá ìdọ̀tí, ni àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni iwájú bá lọ, ẹni ẹ̀yìn a sún síwájú. Àwọn kan lo ọdún mẹ́tàdínlógún kí wọ́n tó dé ìlà kejì. Àárọ̀ yìí ni Clermont àti Gaétane dé, ìlà kìíní ni wọ́n sì fi lọ̀ wọ́n.

Ọjọ́ náà ni Kérésì àwọn ará ọgbà, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní oṣù Keje torí pé kò sí ẹni tí yóò wà níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Oòrùn ń jó ni lórí. Wọ́n fi òwú funfun bo òdòdó bíi yìnyín, iná wẹẹrẹ ń tàn lára òrùlé lọ́sàn-án gangan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí òpó sì ń kọ orin ìbí Jésù sí ìlà iwájú tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ní ìlà kejì, kò sẹ́ni tó jáde wá wo àlejò. Kọ́tìnnì nìkan ló ń mì.

Màdáámù Sauvageau, tó ni ọgbà náà, jókòó sínú ọkọ̀ kékeré oníbátìrì rẹ̀, ó dé fìlà pupa onírun.

“Àwọn ará ìlà kejì ńkọ́?” Gaétane bi í. “Àwọn ló kàn, àbí?”

“Ó tẹ́ wọn lọ́rùn níbi tí wọ́n wà, màdáámù.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn pátá.”

“Ojú wọn kò mọ ohun tó dára ni,” Clermont dá sí i. Ó wọlé, ó ń ṣí gbogbo ohun tó ṣeé ṣí. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹyọ aṣọ kan ṣoṣo ló kù: aṣọ Bàbá Kérésì, pupa fòò, irùngbọ̀n funfun rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ láti ọrùn.

“Ti Oscar ni, ọkọ Ghislaine tó ń ta ilé yìí,” ni Màdáámù Sauvageau ṣàlàyé láti ẹnu ọ̀nà. “Ọkùnrin ìlà kìíní ló máa ń wọ̀ ọ́. Bí aago mẹ́rin bá lù, gbogbo ọgbà á tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ghislaine ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Québec.”

“Oscar ńkọ́?” Gaétane béèrè.

“Oscar kò bá a lọ.”

Clermont ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Aṣọ náà bá a mu léjìká, ó bá a mu níkùn, àfi bí ẹni pé télọ̀ ti wọ̀n ọ́n. Inú apá rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn kì í dé inú kọ́bọ́ọ̀dù.

“Bọ́ ọ, Clermont.”

“Gbogbo ọgbà,” ni Clermont ń wí. “Màdáámù, gbogbo ọgbà lẹ ní?”

Nígbà tí wọ́n jáde, obìnrin márùn-ún ti dúró lórí fàráńdà márùn-ún tó kù ní ìlà náà. Àga méjì-méjì ló wà lẹ́yìn wọn, tìmùtìmù orí ọ̀kan sì le gbagidi bí èyí tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Gbogbo wọn nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ọkùnrin wa tuntun dé!” Huguette, tó sún mọ́ wọn jù, gbé mítì-páì ńlá kan tó ṣì ń gbóná wá. “Ẹ kú ọdún Kérésì o! Ẹ wò ó, ó ga ju Oscar lọ.”

“Ó sì sanra ju Oscar lọ,” ni Rollande ké láti fàráńdà kejì. Ó yíjú sí Gaétane bí ẹni tó ń béèrè ọmọ ọwọ́. “Ṣó máa ń sùn dáadáa? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í wú?”

“Ara mi le bí òkúta!” Clermont fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. “Ẹ̀yin márùn-ún, kò sí ọkùnrin kankan? Ẹ nílò ẹni tí yóò máa bá yín tún páìpù ṣe.”

“Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Oscar wí,” ni Huguette dáhùn. “Bẹ́ẹ̀ náà ni Euclide ọkọ mi wí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín jẹ́jẹ́.

Iwájú fàráńdà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé pákó orúkọ kọ́ ní ọgbà yẹn. Gaétane ka ti ìlà kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: Ilé Huguette. Ilé Rollande. Ilé Pierrette. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ojú igi funfun gbọọrọ, bí ojú ibi tí wọ́n ti ṣí bándéèjì kúrò lára, ihò ìṣó kan sì wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan.

Ó fa ọkọ rẹ̀ lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Clermont, jẹ́ ká mú ti ẹ̀yìn, èyí tá a torí ẹ̀ wá.”

“Tẹ̀gbẹ́ àgbá ìdọ̀tí?”

“Ọkùnrin mẹ́ta ló ń jà lórí ẹran sísun kan ṣoṣo níbẹ̀. Ṣé ò ń gbọ́ ariwo wọn? Wọ́n wà láàyè.”

“Kí Réal wá bá mi nídìí àgbá, kó máa ṣàánú mi?”

“Wo àwọn pákó yẹn. Kò sí orúkọ ọkùnrin kan lára wọn.”

“Igi ń gbó, ìyá. Tèmi á nípọn. Mo ti rí i lójú inú: orúkọ mi lókè, tìẹ nísàlẹ̀, lẹ́tà gàgàrà tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi á lè kà.”

Gaétane wò ó. Ojú tó ń wò yẹn ni ojú tí Clermont máa ń ní nígbà tí olórí ìlú bá pè é láàárọ̀ yìnyín. Ó ti tó ọdún méjì tó ti rí i kẹ́yìn. Kò lè sọ pé rárá. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ Màdáámù Sauvageau, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ síwèé.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, Clermont ti wọ aṣọ pupa náà tán. Òógùn ń ṣàn lábẹ́ irùngbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ó yà sí abẹ́ ìbòòji tí Fernand, bàbá arúgbó tó ń gbẹ́ pákó orúkọ fún gbogbo ọgbà, ti ń ṣiṣẹ́.

“Bàbá, mo fẹ́ pákó orúkọ. Ti ìlà kìíní.”

“Ó ti wà nílẹ̀. Àná ni mo parí ẹ̀.”

“Àná kẹ̀? Àárọ̀ yìí la dé!”

“Màdáámù ló sọ fún mi, nígbà tẹ́ ẹ pè é lórí fóònù. Ó ní ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ara ẹ̀ fún wákàtí kan, pé kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.”

“Orúkọ mi ló wà lókè?”

“Ìsàlẹ̀.”

“Ìsàlẹ̀ báwo?”

“Ó rọrùn bẹ́ẹ̀.”

Lójú ọ̀nà, àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pe Bàbá Kérésì. Fernand fẹ́ ẹ̀rún igi kúrò lójú pákó náà, ó sì yí i padà sí i. Orúkọ Gaétane wọnú igi lọ, ó jìn tó ìka ọwọ́. Ti Clermont náà wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi bó ṣe fẹ́ ẹ. Orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà, lọ́tọ̀, ìṣó kékeré méjì péré ló sì dì í mú, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan.